Pẹ́dà Bíréèkì Tó Ń Rọ̀ Bíi Fóòmù: Bí Ẹ Ṣe Lè Tún Un Ṣe Lára Píkọ́ọ̀pù

Ọ̀pọ̀ awakọ̀ píkọ́ọ̀pù ní Òṣogbo ti sọ pípọ́ǹpù bíréèkì di ara ọkọ̀ wíwà. Bí wọ́n bá ti ń sún mọ́ oríta Ọlá-Ìyá, wọ́n á ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, lẹ́ẹ̀mẹta, kó tó gbé. Wọ́n á ní àwọn ti mọ ọwọ́ rẹ̀. Ọjọ́ tí ọmọdé bá sáré já títì lójijì, kò ní sí àyè láti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Bíréèkì tó pé, ẹ̀ẹ̀kan ni à ń tẹ̀ ẹ́, ó sì gbọ́dọ̀ le lábẹ́ ẹsẹ̀ kó tó rìn dé ìdajì ọ̀nà sí ilẹ̀ ọkọ̀. Bó bá ń rọ̀ bíi fóòmù, tàbí tó ń wọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà tí ẹsẹ̀ ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ má rù ú lẹ́rù mọ́ títí ẹ ó fi tún un ṣe.

Ohun tó ń fà á kò ju èyí lọ: ọ́ìlì inú páìpù bíréèkì kì í fún pọ̀. Bí ẹsẹ̀ yín bá tì í nínú master cylinder, ìyẹn pọ́ǹpù tí pẹ́dà ń tì, agbára yẹn ni yóò dé ìdí táyà. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́, tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní éà, máa ń fún pọ̀ bíi bọ́ọ̀lù. Bí éà bá wà láàárín ọ̀nà, òun ni ẹsẹ̀ yín ń fún, kì í ṣe páàdì tó ń mú táyà dúró.

Ìdí nìyẹn tí gbogbo ènìyàn fi máa ń sọ pé “ẹ bá mi bleed bíréèkì yìí,” ìyẹn ni pé kí wọ́n yọ éà inú rẹ̀. Wọ́n á bleed rẹ̀, yóò dára fún ọ̀sẹ̀ kan, yóò tún rọ̀. Éà kì í ṣàdédé dé inú páìpù. Ó ní ibi tó gbà wọlé: ọ́ìlì tó lọ sílẹ̀ jù nínú ike rẹ̀, síìlì (róbà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò) tó gbó, nọ́ọ̀tù tí kò fún dáadáa, tàbí ẹni tó tú u kẹ́yìn tí kò parí iṣẹ́. Ẹni tó bá yọ éà láì dí ibi tó gbà wọlé ń fa omi kúrò nínú ọkọ̀ ojú omi tó lu ni.

Ẹ fi ẹsẹ̀ wádìí rẹ̀ kí ẹ tó mú sípánà

Ẹ gbé ọkọ̀ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́. Ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì kíyè sí bó ṣe ń ṣe. Ẹ jù ú sílẹ̀, ẹ tún tẹ̀ ẹ́ ní kíákíá lẹ́ẹ̀mẹta, lẹ́ẹ̀mẹrin. Bó bá ń gòkè tó sì ń le sí i, ṣùgbọ́n tó ń fò lábẹ́ ẹsẹ̀ bíi róbà, éà ló wà níbẹ̀.

Bí ti àkọ́kọ́ bá lọ sílẹ̀ púpọ̀, tí ti ẹ̀ẹ̀kejì sì ga tó sì le gan-an láì fò rárá, kì í ṣe éà. Ṣúù ẹ̀yìn, èyí tó ń fún ara mọ́ inú dírọ́ọ̀mù (àgbá irin tó ń bá táyà yí), ló ti jìnnà sí i. Èyí wọ́pọ̀ lára píkọ́ọ̀pù ju ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò lọ, owó púpọ̀ ló sì ti ṣòfò lórí master cylinder tuntun nígbà tó jẹ́ pé ṣúù ni kí wọ́n tún sún.

Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ẹ má gbé ẹsẹ̀ kúrò fún bíi ìṣẹ́jú àáyá 30. Bó bá ń rọra wọlẹ̀, ọ́ìlì ń jáde níbì kan. Bí ẹ kò bá rí ibi tó ń jò lábẹ́ ọkọ̀, á jẹ́ pé inú master cylinder ni síìlì ti jẹ́ kí ọ́ìlì kọjá padà sẹ́yìn.

Òmíràn tún wà tó máa ń dára láàárọ̀, tó sì máa ń rọ̀ lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ òkè, irú bí ìgbà tí ó ń bọ̀ láti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè sí apá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà. Bó bá tutù tán, á tún dára. Omi ló ti wọ ọ́ìlì yẹn. Ooru bíréèkì mú omi náà hó, èéfín omi náà sì ń fún pọ̀ gẹ́gẹ́ bí éà. Pípààrọ̀ ọ́ìlì pátápátá ni oògùn rẹ̀.

Èyí tó bá ń rọ̀ lẹ́yìn kòtò tàbí lẹ́yìn kọ́nà nìkan, tó sì ń dára bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ wo bíárìnì táyà iwájú. Bí táyà bá ń mì, dísìkì, ìyẹn àwo irin tí páàdì ń fún, á máa ti páàdì sẹ́yìn. Dísìkì tó ti tẹ̀ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ lè bleed rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹwàá, kò ní yí padà.

Ní ti booster, ìyẹn àgbá tó ń ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì: ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì bíi ìgbà márùn-ún títí yóò fi le bí igi, ẹ fi ẹsẹ̀ sí i lórí, kí ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Bó bá wọlẹ̀ díẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́. Booster tó bàjẹ́ a máa mú bíréèkì le ni, kì í mú un rọ̀.

Ọ́ìlì tí kì í ṣe ọ́ìlì

Orúkọ tí a ń pè é ló ń tan ènìyàn jẹ. “Ọ́ìlì bíréèkì” kì í ṣe ọ́ìlì bíi ti ẹ́ńjìnnì tàbí ti gíà. Ohun mìíràn ni wọ́n fi ṣe é, ó sì máa ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Bí ẹnikẹ́ni bá bu ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì, ọ́ìlì gíà tàbí ọ́ìlì páwà sí i, kódà kó kéré, gbogbo róbà inú bíréèkì á wú: síìlì master cylinder, ti caliper (ẹ̀rọ tó ń fún páàdì mọ́ dísìkì), ti wheel cylinder (ẹ̀rọ tó ń ti ṣúù mọ́ dírọ́ọ̀mù), àti róbà tó ń lọ sí ìdí táyà. Ẹ ṣí ìdérí ike ọ́ìlì, kí ẹ wo róbà tó wà lábẹ́ rẹ̀. Bó bá ti wú tó sì ń dì kọ́rọ́kọ́rọ́, irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀. Bleed kò lè wò ó sàn. Gbogbo róbà wọ̀nyẹn ni a ó pààrọ̀, a ó sì fọ inú páìpù.

Ọ̀nà kan wà tí ẹ lè fi dán an wò nílé. Ẹ bu ọ́ìlì inú ike náà díẹ̀ sínú ife omi, kí ẹ rò ó. Ọ́ìlì bíréèkì gidi á pò mọ́ omi pátápátá. Bí nǹkan bá léfòó bí epo lórí ọbẹ̀, ẹnì kan ti da ohun tí kò yẹ sí i.

Ara ìdérí ike ni wọ́n kọ irú èyí tí ọkọ̀ náà ń lò sí. Púpọ̀ nínú àwọn píkọ́ọ̀pù tó ti pẹ́, DOT 3 ni wọ́n fẹ́ (DOT ni orúkọ ìpele ọ́ìlì bíréèkì). DOT 3 tuntun kì í hó títí ooru yóò fi dé 205°C. Bó bá ti fa omi mu, 140°C ni ìwọ̀n tí òfin béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. DOT 4 jẹ́ 230°C nígbà tó wà ní tuntun, 155°C lẹ́yìn tó ti fa omi. A lè fi DOT 4 rọ́pò DOT 3. DOT 5 ni kí ẹ má fọwọ́ kàn: sílíkóònù ni, kò sì gbọ́dọ̀ pàdé àwọn yòókù. Ìgò tí wọ́n ti ṣí sílẹ̀ lórí tábìlì nínú ìsọ̀ ti ń fa omi, pàápàá lásìkò òjò. Ẹ ra èyí tí ìdè rẹ̀ kò tíì já. Ó dára kí a máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀ ní ọdún 2-2.

Ibi tó gbà wọlé

Ẹ tẹ̀lé ọ̀nà ọ́ìlì láti òkè dé ìsàlẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Ẹ wo ibi tí master cylinder ti so mọ́ booster; bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti ń bó, ọ́ìlì ti ń jáde láti ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí ọ́ìlì yìí máa ń bó ọ̀dà. Ẹ wo ibi tí páìpù bá ti wọ nọ́ọ̀tù. Ẹ wo páìpù irin tó gba abẹ́ ṣáṣíì lọ sẹ́yìn, níbi tí ẹrẹ̀ àti ìpẹta máa ń kó sí. Lẹ́yìn náà, inú táyà ẹ̀yìn: bí ó bá tutù tó sì ń yọ̀, wheel cylinder ló ń jò. Ẹ ká róbà kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ wheel cylinder sókè pẹ̀lú ìka. Bí ọ́ìlì bá ṣàn jáde, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ti ẹ̀gbẹ́ kejì pẹ̀lú. Ṣúù tí ọ́ìlì ti rin kò ṣeé fọ̀, a kì í lò ó mọ́.

Róbà bíréèkì mẹ́ta ló sábà máa ń wà lára píkọ́ọ̀pù àtijọ́: méjì níwájú, ọ̀kan láàárín ṣáṣíì àti ásù ẹ̀yìn. Kí ẹnì kan tẹ bíréèkì nígbà tí ẹlòmíràn di róbà náà mú lọ́wọ́. Èyí tó bá ń wú lọ́wọ́ bíi iṣan ti kú. Èyí tó bá ti sán ní ojú ìta náà ń lọ.

Kí ẹ tó bleed, ẹ sún ṣúù ẹ̀yìn. Ẹ fi igi tàbí òkúta dí táyà iwájú, ẹ tú hándù bíréèkì sílẹ̀, ẹ fi jáàkì gbé ẹ̀yìn, kí ẹ sì gbé ásù lé stand, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ tí ọkọ̀ ń dúró lé. Búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì kò ṣeé fi ṣe stand. Ó máa ń là lójijì, ènìyàn sì lè kú sábẹ́ rẹ̀. Ní ẹ̀yìn irin tó bo dírọ́ọ̀mù, ẹ ó rí róbà pẹlẹbẹ kan. Ẹ yọ ọ́, ẹ ki súkúrù-dírafà bọ̀ ọ́, kí ẹ máa fi yí àgbá eléyín inú rẹ̀ títí táyà yóò fi ṣòro í yí lọ́wọ́. Ẹ wá dá a padà díẹ̀díẹ̀ títí táyà yóò fi máa yí, tí ẹ ó sì máa gbọ́ ìró fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́. Bó bá kọ̀ láti padà, irin kékeré kan ló ń dì í mú nínú. Ẹ fi súkúrù-dírafà kejì tì í sẹ́yìn. Lára àwọn ọkọ̀ kan, hándù bíréèkì ni ó ń sún ṣúù fúnra rẹ̀, nítorí náà awakọ̀ tí kì í fa hándù bíréèkì rárá ni ṣúù rẹ̀ sábà máa ń jìnnà sí dírọ́ọ̀mù. Nígbà míràn, bí ẹ bá ti ṣe èyí tán, iṣẹ́ ti parí.

Bí a ṣe ń yọ éà

Ènìyàn méjì ni iṣẹ́ yìí ń fẹ́. Ẹ wá ọ́ìlì tuntun lítà 1, sípánà tó bá bleeder mu, ìyẹn nọ́ọ̀tù kékeré tí éà ń gbà jáde nídìí táyà (nọ́ńbà 10 ló wọ́pọ̀ lára Toyota, lára àwọn míràn nọ́ńbà 8 tàbí 11), ìgò ike kékeré kan, àti róbà tó mọ́ gaara tí inú rẹ̀ fẹ̀ tó mìlímítà 6, ní gígùn bí apá. Ó jọ èyí tí bíríkìlà fi ń wọn lẹ́fẹ́ẹ̀lì, ṣùgbọ́n ó tín-ínrín jù ú lọ. Ẹ mú àkísà àti omi lọ́wọ́, nítorí bí ọ́ìlì bá kán sára ọ̀dà ọkọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ fi omi ṣàn án lójú ẹsẹ̀.

Bí bleeder bá ti dìpẹta, ẹ má fi agbára já a. Ẹ fọ́n WD-40 sí i lálẹ́, kí ó sùn mọ́ ọn. Láàárọ̀, ẹ fi sípánà olórùka, kì í ṣe èyí tí ẹnu rẹ̀ là, kọ́kọ́ fún un díẹ̀ bí ẹni fẹ́ dì í, kí ẹ tó tú u. Bí ti ẹ̀yìn bá já, wheel cylinder tuntun ni oògùn rẹ̀, kò sì wọ́n jù. Bí ti caliper bá já, á di iṣẹ́ àwọn tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin.

Ẹ fi abẹ́rẹ́ tàbí ike ìfàmu fa ọ́ìlì dúdú inú ike jáde, ẹ da tuntun sí i dé ojú MAX. Ẹ má mi ìgò ọ́ìlì. Mímì ń bí hóró éà sínú rẹ̀. Ọ̀nà tó jìnnà jù sí master cylinder ni a ti ń bẹ̀rẹ̀. Nínú ọkọ̀ wa tí awakọ̀ ń jókòó sí apá òsì, ẹ̀yìn ọ̀tún ni, kó tó kan ẹ̀yìn òsì, iwájú ọ̀tún, kí ó parí sí iwájú òsì. Bí ìwé ọkọ̀ yín bá sọ ọ̀nà míràn, ti ìwé ni kí ẹ tẹ̀lé.

Píkọ́ọ̀pù ní ohun kan tí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ kì í sábà ní: fáàfù kan lẹ́bàá ásù ẹ̀yìn, tí irin gígùn tàbí sípíríǹgì so mọ́ ọn, tó ń wọn bí ẹrù ṣe pọ̀ tó. Bí ẹ bá fi stand gbé ṣáṣíì tí ásù wá so rọ̀ sílẹ̀, fáàfù yìí á rò pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín ọ́ìlì tó ń lọ sẹ́yìn kù. Ẹ ó máa tẹ bíréèkì títí, ọ́ìlì kò ní jáde dáadáa. Abẹ́ ásù ni kí stand wà. Lára àwọn Hilux kan, fáàfù náà ní bleeder tirẹ̀. Ẹ yọ éà rẹ̀ lẹ́yìn táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀pọ̀ ló máa ń gbàgbé rẹ̀, ibẹ̀ sì ni éà tó kù máa ń fara pamọ́ sí.

Ẹ ki ẹnu róbà kan sí bleeder, ẹ ri ẹnu kejì bọ inú ọ́ìlì díẹ̀ nínú ìgò. Ọ̀rọ̀ tó gbọ́dọ̀ máa kọjá láàárín ẹni tó wà nídìí táyà àti ẹni tó wà lórí síìtì kò gbọ́dọ̀ rú ara wọn lójú. Ọ̀gá á ní, “Pọ́ǹpù ú.” Ọmọ iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ ní ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin, á dì í mọ́lẹ̀, á sì dáhùn pé, “Mo ti dì í mú, ọ̀gá.” Ìgbà náà ni ọ̀gá á tú bleeder ní ìdá mẹ́rin àyíká kan. Pẹ́dà á wọlẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ kò gbọ́dọ̀ gbé ẹsẹ̀ títí ọ̀gá á fi dì í padà tó sì sọ pé, “Jù ú sílẹ̀.” Bí ẹsẹ̀ bá gòkè nígbà tí bleeder ṣì ṣí, éà tó jáde á tún wọlé. Gbogbo àṣìṣe iṣẹ́ yìí, èyí ló wọ́pọ̀ jù.

Ẹ má ṣe é ní kánkán. Pípọ́ǹpù kíákíá á fọ́ éà sí wẹ́wẹ́ bí ìfóòfó ọṣẹ, wẹ́wẹ́ náà kì í sì fẹ́ jáde. Bó bá ti dà bẹ́ẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀ fún ìdajì wákàtí.

Ẹ fi pákó kékeré kan sábẹ́ pẹ́dà, kó má baà lọ dé ilẹ̀ pátápátá. Nínú master cylinder tó ti pẹ́, apá ìsàlẹ̀ tí síìlì kì í dé lójoojúmọ́ máa ń ní ìpẹta àti ìdọ̀tí. Bí ẹ bá ti síìlì dé ibẹ̀, ó lè ya, ọkọ̀ tó wá nítorí éà á sì lọ pẹ̀lú master cylinder tó kú.

Lẹ́yìn bíi ìgbà márùn-ún, ẹ wo ike ọ́ìlì. Bó bá gbẹ, éà á wọlé láti òkè, gbogbo iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀. Ẹ máa bá a lọ nídìí táyà kan títí ọ́ìlì tó ń jáde á fi mọ́ tí kò sì ní hóró éà kankan. Ẹ dì bleeder kí ó fún, ṣùgbọ́n ẹ má fi gbogbo agbára apá dì í. Irin kékeré ni.

Ẹni tó bá dá wà lè ṣe é láì sí olùrànlọ́wọ́: ẹ tú bleeder ẹyọ kan, kí ẹ jẹ́ kí ọ́ìlì máa kán fúnra rẹ̀ sínú ìgò, kí ẹ sì máa bu tuntun sí òkè. Ó máa ń pẹ́, ṣùgbọ́n kì í dá wẹ́wẹ́ éà sílẹ̀.

Bó bá ṣì ń rọ̀

Ẹ wo ibi tí bleeder caliper iwájú kọjú sí. Òkè ni ó gbọ́dọ̀ wà. Bí ẹni tó pààrọ̀ caliper bá gbé ti ọ̀tún sí òsì, bleeder á wà nísàlẹ̀, éà á sì jókòó sókè níbi tí kò ti lè jáde láéláé.

Lẹ́yìn náà, ẹ fi vice grip (púláyà tó ń dì mú fúnra rẹ̀) tí ẹ fi róbà wé ẹnu rẹ̀ rọra dí róbà bíréèkì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì máa tẹ pẹ́dà. Bí ẹ bá dí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí pẹ́dà sì rọ̀ síbẹ̀, òkè ni ẹ̀bi wà: master cylinder tàbí ABS (ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí táyà dì pa nígbà tí a bá tẹ bíréèkì). Bó bá le, ẹ tú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí ẹ bá tú tí pẹ́dà rọ̀ padà, ìdí rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Róbà tó ti gbó kò ní gba èyí láì ya, ẹ pààrọ̀ irú rẹ̀ ṣáájú.

Master cylinder tuntun kò gbọ́dọ̀ wọ ọkọ̀ ní gbígbẹ. Ẹ dè é mọ́ fáìsì, ẹ fi róbà kékeré méjì darí ojú ibi tí páìpù ń wọ̀ padà sínú ike rẹ̀, ẹ bu ọ́ìlì kún un, kí ẹ sì fi igi tó ní orí pẹlẹbẹ máa ti písítínì rẹ̀ jẹ́jẹ́ títí hóró éà á fi tán. Ẹni tó bá fo èyí lè bleed ọkọ̀ láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́ láì rí i kí ó le.

Bí ọkọ̀ bá ní ABS tí ike ọ́ìlì sì ti gbẹ rí, éà lè wà nínú ẹ̀rọ ABS fúnra rẹ̀. Sípánà kò lè dé ibẹ̀. Ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà tó lè mú pọ́ǹpù ABS ṣiṣẹ́ nígbà tí a bá ń bleed.

Kí ẹ tó jáde, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì ṣinṣin fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹlòmíràn máa yí ọkọ̀ ká wo bóyá ó ń jò. Lẹ́yìn náà, ojú ọ̀nà tó tẹ́jú tí kò ní èrò, ní kìlómítà 20 ní wákàtí kan, láì gbé ẹrù. Ìsọ̀kalẹ̀ Òkè-Fíà kọ́ ni a ti ń dán bíréèkì wò.

Ọ́ìlì àtijọ́ tó wà nínú ìgò, ẹ má dà á sí gọ́tà. Gọ́tà ìlú wa ń ṣàn lọ sí odò Ọ̀ṣun, odò yẹn sì ni ó ń gba inú igbó tí UNESCO fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní 2005 kọjá. Májèlé ni ọ́ìlì náà. Ẹ dé ìgò rẹ̀ pa, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i lára, kí ọmọdé má baà rò pé mínírà ni, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ pẹ̀lú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tí àwọn mẹkáníìkì ń kó jọ, ṣùgbọ́n nínú ìgò tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ní ọjọ́ kẹta, kí ẹ tó tan ọkọ̀ láàárọ̀, ẹ ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì kí ẹ wo ike ọ́ìlì. Bó bá ti kúrò ní ojú MAX, ibi kan ṣì ń jò tí ẹ kò tíì rí.